Orúkọ Ọ̀gá Nínú Agbo Ẹ̀rọ

Fadérera dojú bolẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ kẹta, ó fi eyín di sípánà mú, ó ń fi ìka méjì fa ọmọńlé kan jáde lẹ́nu fáànù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Bàǹkì, nígbà tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kígbe pé àlejò ti dé ìsàlẹ̀ òkè.

"Àlejò wo?"

"Ọkọ̀ ìjọba ni. Ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé Ẹlẹ́rìí dání."

Fadérera fẹ́ sáré dìde. Ó gbàgbé pé irin wà lókè òun, ó gbé orí sókè, irin sì fún un ní tirẹ̀. Ọmọńlé ráyè, ó sá wọ inú Bàǹkì padà.

"Ọ̀sán ni wọ́n mà ní àwọn ń bọ̀! Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ rèé!"

Ọ̀rọ̀ àkókò kò kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ ẹni tó dé, ó sì ti sọ ọ́.

Láti ẹ̀yìn pẹpẹ kẹfà ni ohùn Màmá Bámitálẹ́ ti wá. "Fadérera, kí ló dé? Ṣé o tún ti fi orí gbá irin ni?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ máa yí iṣu yín."

Iṣu ni Màmá ń yí padà lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí Ọlọ́run dá ni arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin yìí máa ń gun òkè wá, tí yóò tẹ́ iṣu tó fi omi gbígbóná bọ̀ sẹ́yìn àwọn kọ̀ǹpútà, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde. Oòrùn tí wọ́n fi ń sá èlùbọ́ kò sí mọ́, láti ìgbà tí òjò ti ya wèrè, tó ń rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá, ló kó àwọn kọ̀ǹpútà náà jọ, òun ló sì kọ́kọ́ ní kí àwọn obìnrin wá máa sá iṣu níbẹ̀.

Fadérera jáde lábẹ́ pẹpẹ, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára, ó wo àkókò tó kù fún un. Ọkọ̀ ìjọba kò ní awakọ̀, ó sì gbọ́n ju awakọ̀ lọ. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà òkè Ìgbẹ́tì ti le, á dúró, á rò ó, á ní òun kò lọ mọ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á wá fẹsẹ̀ rìn. Ìyẹn fún un ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ wò ó, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Kọ̀ǹpútà mẹ́tàlélógójì ló wà lórí pẹpẹ mẹ́fà nínú ihò yẹn, ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ nígbà tí òkúta mábù Ìgbẹ́tì ṣì ń lọ káàkiri ayé. Inú rẹ̀ tutù bíi kànga, kódà nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Wáyà so gbogbo kọ̀ǹpútà náà pọ̀, wọ́n ń ronú pọ̀ bíi ẹyọ kan ṣoṣo, ará ìlú sì ń pè wọ́n ní Agbo. Láràárọ̀ ni Agbo ń gba ìròyìn láti ara àwọn ike tí wọ́n fi ń wọn òjò lóko, á ṣírò rẹ̀, á sọ odò tí yóò kún àti ìgbà tí yóò kún. Ẹ̀rọ ńlá ìjọba wà o, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀ gọ́tà ni gbogbo odò Ìgbẹ́tì. Kí Agbo tó wà, àgbàrá ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo gbé èèyàn mọ́kànlá lọ ní ìsàlẹ̀ odò. Láti ìgbà tó ti wà, ewúrẹ́ méjì péré ni omi rí gbé.

Oṣù Ẹ̀bìbí sì la wà yìí, ojú ọ̀run ti dúdú láti ìjẹta. Bí Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ ayẹ̀wò ìjọba yẹn, bá ti Agbo pa lónìí, ó di oṣù Bélú kí ẹnikẹ́ni tó lè tàn án padà. Gbogbo òjò ọdún náà á ti rọ̀ tán.

Ohun tí Ẹlẹ́rìí sì ń wá kò pọ̀. Òfin Orúkọ Alààyè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yìí ni. Gbogbo orúkọ tó bá láṣẹ láti wọlé sórí agbo ẹ̀rọ kan, ẹni tó wà láàyè ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ, kó sì fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí Agbo. Àwọn mẹ́rìndínlógún ti wá lánàá, Fadérera fúnra rẹ̀ ṣìkẹrìndínlógún wọn, wọ́n ti tẹ̀ka, wọ́n ti gba oko lọ. Ẹnì kẹtàdínlógún ni Ọ̀gá. Ọdún mẹ́rin sì rèé tí wọ́n ti sin Ọ̀gá.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fà á. Nígbà tó ń kọ́ Agbo lọ́rọ̀, ó ní òun kò ní máa fi èdè àjèjì bá ọmọ òun sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi kọ gbogbo àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ WỌLÉ. Ẹni tó bá fẹ́ wo nǹkan á kọ WÒ. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ orúkọ kan kúrò á kọ PA, á wá kọ orúkọ ẹni náà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tó ro ìyẹn kàn. Nígbà tó wá kú, àwọn ará Agbo pé jọ, wọ́n ń wo kíbọ́ọ̀dù. Ta ni yóò jókòó, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ PA, tí yóò kọ orúkọ Ọ̀gá sẹ́yìn rẹ̀? Ẹnì kan ní kó pé ogójì ọjọ́ ná. Ẹlòmíì ní kó pé ọdún. Ọdún pé, gbogbo wọn rántí, gbogbo wọn sì ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé.

Ohùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láago mẹ́fà àárọ̀, lábẹ́ orúkọ Ọ̀gá, Agbo á jí fúnra rẹ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá ṣì le kokoko á sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàǹkì, ṣé o jí?"

"Mo jí, sà."

"Ilé-ìwé, ṣé o jí?"

"Mo jí, sà."

Báyìí ni yóò ṣe pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, Ilé Ìgbẹ̀bí, Kóòtù, Ilé Fáàdà, gbogbo wọn. Èyí tí kò bá dáhùn, iná pupa á tàn níwájú rẹ̀, Fadérera á sì mọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Sípíkà kan wà lẹ́nu ihò, ìpè yẹn ni gbogbo Ìgbẹ́tì fi ń jí. Àwọn ọmọ tí kò bá Ọ̀gá láyé rárá ti mọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ.

Ibi tí wọ́n ti rí àwọn kọ̀ǹpútà náà ló di orúkọ wọn. Fadérera kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, tó kó ẹrù padà wálé, tó ń jókòó síwájú ilé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ro kókó. Ọ̀gá, tó kọ́ ọ ní ìṣirò nílé ìwé girama, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, kàn ń ti bárò kọjá lọ́jọ́ kan ni. Kò bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Dìde, wá bá mi ti nǹkan yìí." Ẹ̀yìn bàǹkì kan tó fẹ́ kó kúrò nílùú ni wọ́n lọ, kọ̀ǹpútà mọ́kànlá wà lórí ààtàn níbẹ̀: wọ́n pe àkọ́kọ́ ní Bàǹkì, wọ́n fi nọ́ńbà mọ́ ti àwọn yòókù. Ọ̀gá gbé wọn bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ jòjòló. Búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fá irùngbọ̀n ló fi gbá eruku inú wọn, Màmá sì pariwo lé e lórí títí, torí ó tún fi fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Eku ti bímọ sínú èyí tí wọ́n rí nílé ìwé. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn ọmọ eku yóò fi lajú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan méjìlá pọ̀, iṣẹ́ tí ẹyọ kan ìbá fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe, àwọn méjìlá pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n parí rẹ̀ láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí tọ̀sán. Ọ̀gá fò sókè, orí rẹ̀ gbá òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó sì ń jó lọ. Òórùn iṣu gbígbẹ àti ti wáyà gbígbóná gba gbogbo ihò kan. Háà, ìgbà yẹn mà dùn o! Kò sí ọjọ́ kan tí Fadérera wọ inú ihò yẹn tí àárò ìgbà náà kì í sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi hu ìwà tó hù lánàá. Nígbà tí àwọn ará Agbo lọ tán, ó jókòó, ó ṣí ojú ewé Ọ̀gá, ó sì fi àtàǹpàkò òsì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí Ẹlẹ́rìí bá pe Ọ̀gá, òun á tẹ òsì, òun á ní "Èmi rèé." Ta ni yóò mọ̀? Ó lálàá burúkú lé e lórí, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́.

Àlejò yọ lẹ́nu ihò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó kó bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Omidan kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbídùn lorúkọ mi, láti Ilé-iṣẹ́ Abójútó Ẹ̀rọ. Ẹ má bínú pé mo yá jù, wọ́n ní òjò ńlá ń bọ̀ lọ́sàn-án."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Sípíkà yín ló ń pariwo rẹ̀ bí mo ṣe ń gun òkè."

Fadérera fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó bu omi fún un. Ìbídùn mu ún tán, ó gbé Ẹlẹ́rìí ka orí tábìlì. Àpótí kékeré ni, kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní.

Ẹlẹ́rìí kò fàkókò ṣòfò. Ó ń ka orúkọ, ó ń wo ìka tó wà nípamọ́, ó ń ní "Ó wà láàyè," ó ń kọjá lọ. Mẹ́rìndínlógún lọ báyìí.

"Ọláìtán Ajíṣafẹ́. Dáhùn."

Fadérera gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó ya ẹnu. "È..." Ojú Ọ̀gá ló ń rí, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì irùngbọ̀n lọ́wọ́. Òun, Fadérera, ọmọ tí Ọ̀gá kọ́ ní ìṣirò, kí òun wá máa jẹ́ orúkọ Ọ̀gá? Ojú tì í débi pé ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Kò sí mọ́," ni ó wí. "Ọ̀gá ti kú. Ọdún mẹ́rin rèé. Àtàǹpàkò tó wà níbẹ̀ yẹn, tèmi ni. Mo fẹ́ purọ́ fún yín ni."

Ìbídùn jókòó sórí àpótí kan, ó ń pa ọwọ́ pọ̀.

"Mà, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún Òkùnkùn?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ márùn-ún láìsí iná. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọsibítù, orí ẹ̀rọ mímí ló wà. Kò jáde níbẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Orúkọ ẹni tó ti kú, tí wọn kò yọ, ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn olè tó wọ ẹ̀rọ iná lọ́dún yẹn. Orúkọ kan ṣoṣo."

Ẹlẹ́rìí tún fọhùn. "Lẹ́yìn ikú Ọláìtán Ajíṣafẹ́, ẹnì kan ti fi orúkọ rẹ̀ wọlé ní ìgbà igba ó lé mẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo rẹ̀. Ìpè àárọ̀ kò sí lára iye yìí."

Fadérera yíjú sí ojú ẹ̀rọ. Ẹnì kan? Nínú Agbo? Òun tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú, tó ń yẹ ìwé ìwọlé gbogbo ènìyàn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò yẹ ti Ọ̀gá wò rí. Ó dà bíi kí èèyàn máa tú àpò àgbà lójú tirẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀wọ̀ gbé e dé.

"Mà," ni Ìbídùn wí jẹ́jẹ́, "bí a kò bá mọ ẹni yẹn kí n tó kúrò níbí, mo gbọ́dọ̀ ti Agbo pa. Títí di oṣù Bélú."

Fadérera ṣí àpò lẹ́tà Ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Ó kún fọ́fọ́. Ó ka èyí tó wà lókè.

*Bàbá Bámitálẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu ọdún yìí kò tóbi. Òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò níbi tí ẹ lẹ̀ lọ́jọ́sí, mo sì ní kí n má pe káfíńtà, kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo gbọ́ ohùn yín láàárọ̀...*

Ó pa á dé. Omi ti lé sí i lójú.

"Èmi ni," ni Màmá Bámitálẹ́ wí. Ó ti jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ kẹfà, ìyẹ̀fun iṣu kún ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Bàbá Bámitálẹ́ ló fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní bí àárò bá ń sọ mí, kí n máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé mo jí nǹkan ìjọba ni?"

Ìbídùn ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀. "Rárá o, Màmá. Ẹ kò jí nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́?"

"Òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀, mà. Ẹni tó ń fi orúkọ náà wọlé, òun nìkan ló lè tì í. Ẹ ó pe orúkọ náà síta, ẹ ó ní ẹni náà ti kú. Ẹlẹ́rìí á gbọ́, kò sì ní sí ẹjọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà ló máa bá a lọ, mà. Lẹ́tà yín. Ìpè àárọ̀ pẹ̀lú."

"Ìpè àárọ̀!" Fadérera kígbe. "A kò lè da ohùn yẹn kọ ni? Kí n gbé e sábẹ́ orúkọ tèmi?"

"Ohùn ẹni tó ti kú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ mọ́, mà. Ohùn ni wọ́n fi tan ọkùnrin tó ń ṣọ́ iná lọ́dún yẹn. Ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú ló gbọ́, ó ní kó ṣílẹ̀kùn, ó sì ṣí i." Ìbídùn wo ilẹ̀. "Ó dùn mí, mà."

Fadérera yíjú sí Màmá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti Agbo pa, Màmá. Ẹ má ṣe nǹkan kan. A ó máa fẹsẹ̀ rìn lọ wo odò fúnra wa. Èmi á máa lọ."

"Pẹ̀lú orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ yìí?" Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ìwọ ni o ń tọ́jú nǹkan yìí, má tàn mí. Òjò ọ̀sán yìí, bí Agbo kò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò?"

Fadérera kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. "Kò sí ẹnikẹ́ni, Màmá."

"Ó parí nìyẹn. Níbo ni mo ti máa sọ ọ́?"

Ìbídùn gbé Ẹlẹ́rìí wá síwájú rẹ̀. Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Bàbá Bámitálẹ́," ó wí.

"Kò sí orúkọ yìí," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn.

"Olówó orí mi."

"Kò sí orúkọ yìí."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ni, Màmá," ni Ìbídùn wí. Ìlú ńlá ni wọ́n ti bí i, kò yé e. "Èyí tí Ẹlẹ́rìí pè lẹ́ẹ̀kan."

Fadérera ló yé. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni obìnrin yìí fi jẹ́ aya Ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí. Kí wọ́n tó bí Bámitálẹ́, "Ẹ gbọ́ ná" ló ń pè é. Ní ọsibítù, nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í pé kí lorúkọ aláìsàn, káàdì ló nà sí i. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fi orúkọ sunkún, òun ń ké Bàbá Bámitálẹ́ ni.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn pè é," ni Fadérera wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ìbídùn mi orí pé rárá. Màmá náà mi orí. Ó di etí pẹpẹ mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún ọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì, lórí òkúta tútù yẹn.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá Bámitálẹ́," ó wí. "Nítorí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò ni."

Ètè rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí.

"Ọláìtán."

"Ohùn kò dé dáadáa," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ tún un pè."

"Ọláìtán!" Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kíkan, ó lu ògiri òkúta, ó sì padà wá bá a. Màmá gbọ́ ọ. Ìyanu hàn lójú rẹ̀ bíi ti ọmọdé. "Ọláìtán ti kú," ó wí.

"Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí. Agbo wà ní ìdásílẹ̀."

Orúkọ kẹtàdínlógún parẹ́ lójú ẹ̀rọ. Ìbídùn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Fadérera kúnlẹ̀ ti Màmá, ó fẹ́ gbé e dìde, ṣùgbọ́n Màmá kò ṣe tán. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Fadérera, àṣé báyìí ló ṣe dùn ún pè," ó wí. "Ọláìtán. Ọláìtán mi."

"Ó ti tó," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ kò nílò láti pè é mọ́."

Màmá ń pè é lọ.